Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lára Ọ̀rọ̀ “Charge” Nídìí Iṣẹ́ Ògbufọ̀

Ní gbogbo àkókò tí mo fi ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ ní àwọn kóòtù májísíréètì nílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí etí mi gbọ́ tó “charge”. Bí adájọ́ bá ti jókòó láàárọ̀, òun ni akọ̀wé kóòtù máa ń kọ́kọ́ kà jáde. Òun ni ọlọ́pàá olùpẹ̀jọ́ máa ń tẹnu mọ́. Òun náà sì ni àwọn ẹbí olùjẹ́jọ́ máa ń bi ara wọn léèrè ní ìta, nígbà tí adájọ́ bá ti wọ yàrá rẹ̀ lọ. Bí mo bá kúrò ní kóòtù tí mo ń lọ sílé, ọ̀rọ̀ náà kò yéé tẹ̀lé mi. Mo máa bá a lára pátákó tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá èèyàn fi fóònù síná gbé síwájú ìsọ̀ wọn ní Sábó, ní Ṣágámù. Mo máa bá a nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí báǹkì fi ránṣẹ́. Mo máa bá a lẹ́nu télọ̀ tó ń dá owó lé iṣẹ́ rẹ̀, àti lára ilẹ̀kùn yàrá nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìwòsàn. Àwọn tí mo ń kọ ìwé yìí sí ni ẹ̀yin tí ẹ máa ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún òbí yín ní báǹkì, ní àgọ́ ọlọ́pàá, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní ọsibítù, tí ẹ kò sì gba owó oṣù lórí rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bá fi sí abẹ́ mi láti kọ́ṣẹ́ ni pé kí wọ́n má ṣe wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tí wọn yóò máa fi dípò “charge”. Wọ́n máa ń dé pẹ̀lú ìwé kékeré tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ sí ní òdì kejì ara wọn, wọ́n á ti kọ “ẹ̀sùn” síwájú rẹ̀, ọkàn wọn á sì ti balẹ̀. Ẹ̀sùn náà yóò gbé wọn dé ibì kan o. Ṣùgbọ́n kí aago méjìlá tó lù ní ọjọ́ kan náà, adájọ́ yóò ti béèrè ẹni tó wà “in charge” àwọn ohun ẹ̀rí, agbẹjọ́rò kan yóò ti sọ pé òun ń gbèjà ọmọ yìí “free of charge”, ẹlẹ́rìí kan yóò sì ti jẹ́rìí pé mekáníìkì náà “charged me too much”. Ẹni tó bá mú “ẹ̀sùn” lọ bá àwọn wọ̀nyí yóò kàn dúró láàárín kóòtù bí ẹni tí wọ́n já aṣọ gbà lára rẹ̀ ni.

Kò yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu, nítorí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lẹ́nu tiwa náà. A ń jẹ iṣu, a ń jẹ gbèsè, a ń jẹ ìyà, a ń jẹ èrè, a sì ń jẹ oyè. Ẹni tó jẹ Àwùjalẹ̀ kò jẹ ẹ́ bí a ti ń jẹ ìkọ́kọrẹ́. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí ẹnikẹ́ni jókòó tì láti to gbogbo ìtumọ̀ “jẹ” fún un. Ohun tó tẹ̀lé e ni ọmọ náà ń gbọ́, tí ó fi mọ èyí tó jẹ́ oúnjẹ àti èyí tó jẹ́ wàhálà. Bí a bá lè máa gbọ́ tiwọn bí a ti ń gbọ́ tiwa, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Ìdajì kejì ni mo rí nínú ìwé atúmọ̀ èdè tó máa ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, inú mi sì dùn gan-an lọ́jọ́ tí mo rí i. Ẹrù ni “charge”. Àwọn ará Róòmù gba orúkọ kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù kan, “carrus”, lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà Gaul tí wọ́n ń gbé ilẹ̀ tí a ń pè ní Faransé lónìí. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti yọ “carricare”, èyí tó túmọ̀ sí kí a di ẹrù sínú kẹ̀kẹ́, nígbà tó sì di ẹnu àwọn Faransé àtijọ́, ó di “chargier”. Àwọn Norman láti ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066, èdè wọn sì di èdè àwọn ìjòyè àti ti kóòtù níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, débi pé ọdún 1362 ni òfin tó ní kí a máa fi Gẹ̀ẹ́sì rojọ́ ní kóòtù ilẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ẹ ò rí nǹkan: àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti dúró rí ní kóòtù ìlú wọn tí wọn kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń kà sí wọn lẹ́sẹ̀. Láti ara ẹrù yìí kan náà ni “car” tí a ń wọ̀ ti wá, òun náà ni “cargo” tó ń gba Apapa wọlé, òun náà sì ni “carry”.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti “bail”, tí gbogbo wa ti sọ di béèlì. Òun náà ń ti ìdí ẹrù bọ̀. Ní èdè Látìn, alábàárù ni “baiulus”, “baiulare” sì ni kí a ru ẹrù. Àwọn agbẹjọ́rò kan wà tí a máa ń pè ní “charge and bail” nílẹ̀ yìí, àwọn tó máa ń dúró de oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà kóòtù. Wọn kò fẹ́ràn orúkọ náà rárá, ṣùgbọ́n bí a bá tú u dé ìdí rẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé ìjọba ti di ẹrù, lọ́yà sì ti wá alábàárù.

Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, bí mo bá ti gbọ́ “charge”, ohun tí mo ń wá ni ẹni tó di ẹrù, irú ẹrù tó dì, àti orí ẹni tí ó gbé e lé. Bí ìjọba bá gbé ẹ̀ṣẹ̀ lé èèyàn lórí, wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án nìyẹn. Bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá gbé owó lé oníbàárà, iye tó ń gbà nìyẹn. Bí ọ̀gá bá gbé iṣẹ́ lé ọmọ iṣẹ́ lórí, ó fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Bí ọdẹ bá sì ki ẹ̀tù sínú ìbọn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe èyí náà ní “charge” tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí bátìrì, nítorí náà ẹni tó ń fi fóònù síná lónìí àti ọdẹ tó ń ki ìbọn nínú igbó Ìjẹ̀bú-Igbó, iṣẹ́ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì kà á sí. Ẹ kò nílò láti sọ gbogbo èyí fún ẹni tí ẹ ń túmọ̀ fún. Ẹ̀yin ni ẹ óò mọ̀ ọ́n nínú, kí ẹ sì mú ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá a mu jáde.

Àpẹẹrẹ báǹkì ni mo máa ń kọ́kọ́ fún àwọn ọmọ. Ká ní ṣáájú ọdún 2026 ni, nígbà tó jẹ́ pé lára owó ẹni tó gbà á ni wọ́n ti ń yọ ọ́: màmá gba 10,000 náírà láti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Èkó, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé, 50 náírà sì ti dín níbẹ̀. Bí ẹ bá sọ fún un pé “báǹkì ṣáàjì yín”, báǹkì ni yóò máa bínú sí, nígbà tó jẹ́ pé ìjọba ló fi òfin dá 50 náírà yẹn lé owó tó bá ti tó 10,000, báǹkì kàn ń bá wọn gbà á ni. Owó tí báǹkì ń gbà fún iṣẹ́ tirẹ̀, irú bí owó àtẹ̀jíṣẹ́ fúnra rẹ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Èmi a máa sọ pé “ìjọba yọ àádọ́ta náírà” tàbí “báǹkì gba owó iṣẹ́ rẹ̀”, màmá á sì mọ ẹni tí yóò bá wí.

Lẹ́yìn ẹni tó di ẹrù, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó tẹ̀lé “charge” ni kí ẹ tẹ́tí sí, nítorí pé àwọn ni wọ́n ń sọ ibi tí ẹrù náà ń lọ. Bí “for” bá tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ owó ni lọ́pọ̀ ìgbà. Bí “at” bá tẹ̀lé e, ẹnìkan tàbí ẹranko kan ti kù gììrì sí ẹlòmíràn. Bí “to” bá tẹ̀lé e, ó lè jẹ́ pé wọ́n kọ owó náà sí orúkọ ẹnìkan láti san; ṣùgbọ́n lẹ́nu àwa ọmọ Nàìjíríà, “charged to court” ni pé wọ́n ti gbé e lọ sí kóòtù. Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ wa ni ìyẹn, bí ẹ bá sọ ọ́ fún ará ìlú òyìnbó, ó lè má yé e.

“With” ló le jù, nítorí ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀sùn, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ojúṣe. Wọ́n ka ìwé ìfisùn kan ní kóòtù nígbà kan nípa akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ẹni tó kọ ọ́ sì kọ pé ọkùnrin náà “was charged with keeping the money”. Ṣé ẹgbẹ́ ní kí ó máa tọ́jú owó ni, àbí wọ́n ní ó sọ owó ẹgbẹ́ di tirẹ̀? Gẹ̀ẹ́sì yẹn gba méjèèjì, ìyàtọ̀ àárín wọn sì jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín èèyàn tí a fọkàn tán àti èèyàn tí a pè ní olè. Mo dúró, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́, mo sì ní kí wọ́n bi ẹni tó kọ ìwé náà léèrè èyí tó ń sọ. Ojúṣe ló ń sọ. Mo gba gbogbo ẹni tó bá ń túmọ̀ nímọ̀ràn pé kí ó má ṣe tijú láti béèrè. Ògbufọ̀ tó bá ń méfò nítorí pé ó fẹ́ kí èèyàn rò pé òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì délẹ̀, ewu ni fún ẹni tó dúró nínú àpótí olùjẹ́jọ́.

Ibò mìíràn tí ọ̀rọ̀ kékeré ti ń yí ayé po ni “in charge of” àti “in the charge of”. “The nurse in charge of the old man” ni pé nọ́ọ̀sì ló ń tọ́jú bàbá. “The nurse in the charge of the old man” yóò sọ bàbá di alábòójútó nọ́ọ̀sì. “The” kan ṣoṣo yìí ló gbé ẹrù kúrò lórí ẹnìkan sí orí ẹnìkejì. Ní Yorùbá, a kì í ní irú ìṣòro yìí bí a bá ti sọ pé ọmọ náà “wà ní ìkáwọ́” lágbájá, nítorí ọwọ́ ẹni tí a bá dárúkọ lẹ́yìn rẹ̀ ló wà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ti màmá kan tó wá láti ìhà Ìpẹru. Àgbàlagbà obìnrin ni, obì ló ń tà, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan àfi èyí tí ọjà ti sọ di Yorùbá. Wọ́n mú ọmọ rẹ̀ lórí ìjà kan ní gáréèjì. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò ló bá a gba ìpè, tó sì sọ fún un pé, “Màmá, wọ́n ti ṣáàjì bọ̀dá ní kóòtù.” Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò tíì jókòó tó fi tú etí ìró rẹ̀, tó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èló ni wọ́n ṣáàjì ẹ̀?” Mo ní, “Màmá, ẹ di owó yín. Kì í ṣe owó ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀sùn ni wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀, ó sì ti ní òun kò jẹ̀bi. Oníduúró ni adájọ́ ń béèrè báyìí.”

Màmá náà kò ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Ní ìdí obì, ní ìdí ọkọ̀, ní ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ ata, owó ni ṣáàjì, òun náà sì gbé ìtumọ̀ tó mọ̀ wá sí kóòtù. Ọmọkùnrin tó jíṣẹ́ fún un náà kò parọ́. Ẹrù ọ̀rọ̀ náà ló já sí àárín àwọn méjèèjì. Ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kóòtù ni yóò ní kí màmá di owó rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọn yóò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé iye báyìí ni.

Èyí ni mo fi ń sọ pé bí ẹ bá ń túmọ̀ “charged” fún ẹbí ẹni tí wọ́n mú, ẹ má ṣe dúró lórí ọ̀rọ̀ náà nìkan, ẹ fi ohun tí kì í ṣe kún un. Ẹni tí wọ́n “arrest”, ọlọ́pàá ló mú un, wọ́n lè má tíì fi ẹ̀sùn kankan kàn án. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sọ pé bí kóòtù tó lè gbọ́ ẹjọ́ bá wà láàárín 40 kìlómítà sí ibi tí wọ́n mú un sí, kí ó má ju ọjọ́ kan lọ kí wọ́n tó gbé e dé iwájú adájọ́. Ẹni tí wọ́n “charge”, wọ́n ti fi ẹ̀sùn kàn án, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì dá a lẹ́bi, òfin yẹn kan náà sì kà á sí aláìjẹ̀bi títí di ìgbà tí wọ́n bá fi ẹ̀rí gbé e kalẹ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ni mo máa ń fi ṣàlàyé fún àwọn àgbàlagbà wa ní Rẹ́mọ, nítorí gbogbo wọn ló mọ ìtàn náà. Ìparí ọdún 1962 ni wọ́n fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba kàn án. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1963 ni adájọ́ tó dá a lẹ́bi, tó sì rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Gbogbo oṣù tó wà láàárín méjèèjì, “charged” ló jẹ́, kò tíì jẹ́ ẹlẹ́bi lójú òfin. Ẹ̀wọ̀n náà kò sì dé ọdún mẹ́wàá, nítorí pé ọdún 1966 ni wọ́n dá a sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ “holding charge” wà pẹ̀lú, èyí tí mo máa ń túmọ̀ sí ẹ̀sùn ìdádúró. Ọlọ́pàá a gbé ẹni tí wọ́n ní ó pànìyàn wá sí iwájú májísíréètì, bẹ́ẹ̀ májísíréètì kò ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn, ilé ẹjọ́ gíga ló ni ín. Ẹbí á rò pé ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kàn fẹ́ kí adájọ́ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí àtìmọ́lé ni, ó sì yẹ kí ògbufọ̀ jẹ́ kí èyí yé ìyá rẹ̀, nítorí pé yóò máa bọ̀ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí yóò máa retí ìdájọ́ tí kò lè wá láti ibẹ̀.

Kí n tó kúrò lórí ìwé òfin, ẹ ṣọ́ra fún “charge” tó bá bá ilé tàbí ilẹ̀ rìn. Bí ìwé báǹkì bá sọ pé “the property is charged to the bank”, kò sí ẹni tó fi ẹ̀sùn kan ilé, kò sì sí owó iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Wọ́n ti fi ilé náà dógò ni, bí gbèsè kò bá sì ṣeé san, báǹkì lè tà á. Mo ti rí ọmọ tó ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé, “Bàbá, owó díẹ̀ ni wọ́n máa yọ lórí ilé,” kí bàbá lè fọwọ́ sí i. Bóyá ọmọ náà kò mọ̀ ni o, bóyá ó sì mọ̀. Nínú Yorùbá tó já gaara, “ẹ ń fi ilé yín dógò” ni kí ẹ sọ, kí bàbá tó mú bírò.

Bí ẹ bá ti mọ “charge”, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ burúkú ni “discharge”. Kí a sọ ẹrù kalẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tí ẹrù fi ń kúrò lórí. Ọkọ̀ ojú omi ń já ẹrù ní èbúté. Ìbọn ń yìn, ohun tí wọ́n kì sínú rẹ̀ sì ń jáde. Ilé ìwòsàn ní kí aláìsàn máa lọ sílé. Sójà fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì sọ pé ẹnìkan “discharged his duties”, kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ o. Ó ru ẹrù náà dé ibi tó yẹ ni, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì sọ fún mi nípa ẹbí kan tí wọ́n rí “discharge” nínú ìwé aláìsàn wọn, tí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ilé. Ohun tí dókítà kọ ni pé ọyún ń jáde lójú egbò náà, èyí tó túmọ̀ sí pé aláìsàn kò ní lọ síbì kankan ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ní kóòtù, “discharge” tún ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Bí olùpẹ̀jọ́ bá fa ẹjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn kí wọ́n tó ní kí olùjẹ́jọ́ wí tẹnu rẹ̀, wọn yóò sọ pé “discharged”: wọ́n dá a sílẹ̀, àmọ́ wọ́n lè tún fi ẹ̀sùn kan náà gbé e padà wá. Bí ó bá jẹ́ “discharged and acquitted”, wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n sì dá a láre. Kò sí ẹni tó lè tún fi ẹ̀sùn yẹn kàn án, àfi bí ilé ẹjọ́ tó ga jù bá pàṣẹ rẹ̀. Èmi kì í fi “wọ́n tú u sílẹ̀” bo méjèèjì mọ́lẹ̀. Mo ti rí àwọn tó se ìrẹsì, tí wọ́n pe olórin, lórí “discharged” kan lásán, ó sì ń ṣe mí bíi kí n lọ bá wọn níbi ìdáwọ̀ọ́ ìdùnnú náà pé kí wọ́n rọra.

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá láyé àtijọ́ ti rí ẹrù yìí kí wọ́n tó bí mi. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ti sọ pé kí Olúwa má ṣe “lay this sin to their charge”, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí keje, Yorùbá sọ pé kí ó má ka ẹ̀ṣẹ̀ náà sí wọn lọ́rùn. Ọrùn! Ibi tí ẹrù ń wọ èèyàn gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá ń túmọ̀ ìwàásù, irú ìtumọ̀ yìí ni kí ẹ máa wá. Nínú Gẹ̀ẹ́sì yẹn náà, wọ́n gbé orí Jòhánù Onítẹ̀bọmi wá nínú “charger”, ọmọdé kan ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi sì béèrè bóyá orí náà wọ inú ṣájà fóònù. Àwo ńlá tí a ń di ẹran lé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ẹrù ló tún gbé òun náà jáde.

N kò ní parọ́ fún yín pé ẹrù ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Bí ọmọ ogun bá “charge”, tàbí bí màlúù bá “charge” èèyàn lójú ọ̀nà, kò sí ẹrù kan tí ẹ óò rí níbẹ̀ tí yóò ràn yín lọ́wọ́. Ẹ sọ pé ó rọ́ lù wọ́n, kí ẹ sì máa lọ. Bí ẹ bá ń ka ìtàn ogun Ìmàgbọ̀n ti ọdún 1892 nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú ti dènà de àwọn òyìnbó létí odò Yemọjí, ìtumọ̀ yìí ni kí ẹ ní lọ́kàn bí ẹ bá kan ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ti kóòtù. Ti ẹ̀kọ́ físíìsì sì tún yàtọ̀: Benjamin Franklin ará Amẹ́ríkà ló fún iná mànàmáná ní “positive” àti “negative” ní nǹkan bí ọdún 1747, nítorí ó gbà pé iná pọ̀ jù lára nǹkan kan, ó sì dín lára èkejì. Olùkọ́ tó bá ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá, kí ó pè é ní ṣáàjì, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀sùn iná mànàmáná, tirẹ̀ ti bàjẹ́.

Bí ẹnìkan bá wá pè yín lórí fóònù pé wọ́n ti “charge” èèyàn yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá àgọ́ ọlọ́pàá ló wà tàbí wọ́n ti gbé e dé kóòtù. Bí ó bá ṣì wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, béèlì níbẹ̀ kì í ṣe títà. Bí ó bá ti dé kóòtù, ẹ gba orúkọ kóòtù náà àti nọ́ńbà ẹjọ́, ẹ béèrè ẹ̀dà ìwé ẹ̀sùn, kí ẹ sì ka ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan tó wà níbẹ̀, nítorí ìwé kan ṣoṣo lè gbé ẹ̀sùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ béèrè iye oníduúró tí adájọ́ fẹ́ àti irú ẹni tó gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí èèyàn yín kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, kí ó sọ ọ́ kí wọ́n tó ka ẹ̀sùn sí i. Bí ó bá sì jẹ́ Ìjẹ̀bú ilé gan-an ló yé e ju Yorùbá inú ìwé lọ, kí ó sọ ìyẹn pẹ̀lú. Abala 36 nínú òfin ìpìlẹ̀ fún un ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀, nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ wá san owó ògbufọ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i.